Ọkọ̀ Tó Ń Mu Ìkíni

Lóru àná, mo jẹ pòńdò pẹ̀lú ọbẹ̀ tó kù nínú fìríìjì, mo sì sùn lé e lórí láìtilẹ̀ rìn yí yàrá ká. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí pòńdò alẹ́ ń ṣe fún àgbàlagbà. Bí mo ṣe ní kí n pajú dé báyìí, mo bá ara mi nínú ọkọ̀ ojú omi.

Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá bí èyí tó gbé mi wá sí Liverpool nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ọkọ̀ kékeré ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wọ̀ kí wọ́n lè la òkun kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wo omi, kí wọ́n tún jẹun. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú: MÁ KÁNJÚ. Fèrèsé rẹ̀ rí róbótó-róbótó, wọ́n sì tẹ́ àga aṣọ sí ìta fún wa láti nà gbalaja sí. Kò yà mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní kí n má wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ nítorí ẹsẹ̀ mi. Mo kàn ní lọ́kàn mi pé, hẹ̀n, wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn fún mi nìyẹn.

Ìgbájọ ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Àyọ̀ká. Lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé, iwájú ilé ló jókòó sí lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò sunkún bí àwọn yòókù. Ó ní, "Máa lọ. Ibí lo máa bá mi." Nínú àlá náà, ó dá mi lójú pé kò tíì dìde.

A rìn títí, a dé àárín òkun, ọkọ̀ bá dúró. Kápítéènì jáde sí wa. Ojú rẹ̀ jọ ti tíṣà tó fi ẹgba kọ́ mi ní ìṣirò.

"Ṣé epo ló tán ni?" mo bi í.

"Epo kẹ̀? Ọkọ̀ yìí kì í mu epo, bàbá. Ìkíni ló ń mu. Èwo nínú yín ló ti kí i láti àárọ̀?"

Gbogbo wa ń wo ara wa. Ìyá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń hun súẹ́tà láti ìgbà tí a ti gbéra. Ó wúkọ́, ó ní, "Mọ́níìn." Ọkọ̀ sún síwájú bí ìbú ìka kan, òsúkè sì mú un.

Kápítéènì kọjú sí mi. "Bàbá, ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Ìgbájọ ni mí."

Ó ṣí fìlà lórí. "A yọ! A gbé ilé epo sínú ọkọ̀, a ò mọ̀."

Mo dìde, mo tẹ̀ ba níwọ̀n tí ẹ̀yìn mi gbà mí láyè, mo ní, "Ẹ kú ìdúró o." Ọkọ̀ ta kìjí. Mo ní, "Ẹ kú atẹ́gùn." Ó gbéra. Mo wá tú u sílẹ̀: ẹ kú omi, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrìn. Ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń fi ìdí ṣe yànga bíi pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ má kí i bákan náà lẹ́ẹ̀mejì o," Kápítéènì kìlọ̀ fún mi. "Èyí tó bá ti mu, ó ti mu ún nìyẹn."

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí mo wá gbádùn nìyẹn. Láràárọ̀, bí mo bá ti jẹ búrẹ́dì tán, mo máa ń lọ kí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, àpò ìkíni rẹ̀ kì í kún. Ládùúgbò mi níbí, orí là ń mì síra wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mi orí. Lọ́jọ́ kan, ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè sódò, mo fẹ́ wí pé ẹ kú ewu, àfi bí ahọ́n mi ṣe fi kiní kan kún un: "Ẹ kú ewu ọmọ o!"

 Ọkọ̀ kérora. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán jáde, ọkọ̀ kékeré kan, funfun báláú, ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké.

"Ta ló kí i bẹ́ẹ̀?" Kápítéènì bèèrè.

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Kò burú. Ọjọ́ kẹjọ la ó sọ ọ́ lórúkọ."

Ìyá òyìnbó dìde, ó fi súẹ́tà bo ọmọ ọkọ̀ náà, ó sì bá a mu wẹ́kú. "Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa nílò rẹ̀," ni ó wí, ó tún mú òwú mìíràn.

Mo padà lọ nà sórí àga aṣọ mi. Ìgbà yẹn ni àga náà la ẹnu. "Bàbá, ẹ má sùn o. Ẹ̀gbọ́n yín ní bí oòrùn bá fi lè wọ̀ lónìí tí òun ò rí yín, òun á gbé àpótí òun wọlé, òun á sì ti ìlẹ̀kùn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Igi kan náà ni wọ́n gé tí wọ́n fi ṣe èmi àti àpótí yẹn. A máa ń gbúròó ara wa."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀wọ́ gbé ìgbúnwọ́ kúrò lójú òun.

Mo lọ bá Kápítéènì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yára díẹ̀. Àǹtí mi fẹ́ wọlé."

"Bàbá, ṣé ẹ ka orúkọ ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́?" Ó lu agogo, wọ́n bá gbé tíì wá.

A ṣì ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè léfòó wá bá wa. Ọ́fíìsì gidi ni, tòun ti fáànù tó ń yí lókè, tòun ti kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá lára ògiri. Ọ̀gá kan jókòó síbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé tábìlì, ó ń ta eyín. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ó sọ igi ìtayín nù. "Iṣẹ́ wo? Ẹ wò mí dáadáa, bàbá, ṣé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni mo jọ? Ẹ wá gbọ́ o, bàbá yìí wá bú mi mọ́ ibi iṣẹ́!"

Bí ó ṣe ń bínú ni irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Ìwo yọ, fìlà sì rọ̀ mọ́ ìwo kan. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti di òbúkọ. Kò fura. Èmi náà ò sọ fún un, nítorí kò dára kí àlejò máa tọ́ka sí ohun tó ń ṣe ọ̀gá lọ́fíìsì. Ó jẹ òǹtẹ̀ ìjọba tó wà lórí tábìlì, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa, ó wá fi ètè lu ọwọ́ mi. Àmì rẹ̀ hàn ketekete.

"Ẹ lè kọjá," ni òbúkọ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá jókòó de èèyàn, ìkíni tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Òun nìkan ló máa sọ̀ yín kalẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i wí kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ á yí padà."

"Èwo ni ìkíni náà?"

"Ṣé èmi ni mo ní ẹ̀gbọ́n ni?" Ó bẹ́ sínú ọkọ̀ wa, torí ọ́fíìsì rẹ̀ ti ń léfòó lọ sílé, iṣẹ́ ti parí.

Orí òkè ni Ìgbájọ wà. Kò sí òkun níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí ọ̀sà. Ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́. Omi kàn kọjú sókè, ó ń gun òkè, àwa náà ń gun ún tẹ̀lé e, ọmọ ọkọ̀ ń ké bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń ká aṣọ lórí okùn kí a lè ríbi gbà. Ọkùnrin kan tó ń tún òrùlé ṣe pariwo pé, "Ẹ rọra o, ẹ má ta omi sí èlùbọ́ tí mo sá!"

Mo wá rí i. Òkè tí à ń gùn kì í ṣe òkúta. Èèpo ẹ̀gúsí ni, gbogbo èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti bó láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú ilé, kò fi ọjọ́ kan dàgbà. Èmi ni mo wá jọ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Omi tó wà láàárín wa kò ju àgbàlá kan lọ.

"Àǹtí mi, ẹ kú ìjókòó o!"

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ sómi bí òkúta. Ọkọ̀ ti mu ìyẹn.

"Ẹ kú ilé o!"

"Ẹni tó lọ ra iyọ̀ ló ń wí ìyẹn," Àǹtí Àyọ̀ká dáhùn, kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ wá wo Láníyan o. Ọjọ́ mẹ́ta ló pè é! Ṣé ìṣirò tí wọ́n kọ́ ẹ ní Liverpool nìyẹn?" Kápítéènì tí ojú rẹ̀ jọ ti tíṣà mi tẹrí ba.

Mo rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ̀ fì sápá kan, Kápítéènì, òbúkọ àti abọ́ tíì bá yọ̀ wá bá mi nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mo ti rántí ìyá wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ìyá bá lọ ọjà Ìkìrun, èmi àti Àǹtí Àyọ̀ká a máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́, a ó máa wo kọ́nà. Bí ìyá bá yọ, kó tó sọ ẹrù, kó tó fún wa ní àkàrà, ohun kan wà tó máa ń kọ́kọ́ wí fún wa. Mo rí ẹrù lórí rẹ̀. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Mi ò gbọ́ ohùn.

"Láníyan, oòrùn ń wọ̀ o," ni Àǹtí Àyọ̀ká wí.

Ìyá òyìnbó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti ń fetí sí mi láràárọ̀. Ó kí àǹtí mi pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá."

Àǹtí Àyọ̀ká dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ ò rí nǹkan? Òyìnbó ti kí mi. Ọmọ ìyá mi ń yanu."

Oòrùn ti wọ̀ dé ọrùn. Àǹtí mi dìde, ó gbọn èèpo kúrò lára ìró, ó na ọwọ́ sí àpótí. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń yí orí padà lábẹ́ mi.

"Àǹtí mi, ẹ dúró!"

"Ìyẹn kì í ṣe ìkíni," ni òbúkọ wí, tẹ̀dùntẹ̀dùn.

Mo la ẹnu. Mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́ gan-an. Fóònù ló ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Ìsinmi ni, èmi ni mo sì máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Ìsinmi, àmọ́ oorun gbé mi lọ lónìí.

"Láníyan! Ṣé o ṣì wà láyé? Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti fóònù yìí bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná." Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

Mi ò tíì fọ ẹnu. Mi ò ronú. Ẹnu mi ló dá sọ ọ́ jáde: "Ẹ kú ojú lọ́nà, àǹtí mi."

Mo gbọ́ tó gbé igbá kalẹ̀.

"Hẹ̀n," ni ó wí. "Bí ìyá ṣe máa ń wí i gan-an nìyẹn."

"Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́?"

"Kí ni mo tún ń ṣe ju kí n máa bó ẹ̀gúsí? Ìwọ..." Nǹkan ké mẹ́ẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igbá dà wàì. "Yéè! Òbúkọ yìí! Di fóònù mú, mò ń bọ̀!"

Mo dì í mú. Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń gbálẹ̀ lọ, tó ń ṣépè fún òbúkọ àti ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi àkùkọ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo lọ jókòó sórí àga lójú fèrèsé. Òjò ń rọ̀ sí títì. Mo gbé fóònù létí, mò ń retí rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an.

Nígbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òbúkọ ló máa bẹ̀rẹ̀.

"O kú ojú lọ́nà, Láníyan," ni ó wí.

Àga tí mo jókòó lé ta kìjí, ó sì sún síwájú díẹ̀.