Apá Òsì Aṣọ Náà

1.

…ó sì tún fa bébà náà ya. Àwòrán yẹn ò burú. Ó kàn jẹ́ pé ó ti ya irú rẹ̀ rí, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń yára ju ojú rẹ̀ lọ.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ya obìnrin: ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, kò sí ikùn, kò sí ojú. Ohun tó bá yà làwọn olówó ń wọ̀. Àwọn télọ̀ tí kò mọ̀ rí ń wo aṣọ rẹ̀ rán, nílùú tí kò dé rí. Lẹ́yìn náà ló ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó tóbi jù ú lọ, ó sì ta orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní kó dúró, kó ṣáà máa yàwòrán.

Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí oorun ń mú lọ.

2.

ÌKÉDE
(lára ògiri yàrá ìránṣọ)

Ohunkóhun tí Ọ̀gá bá yà, tó gé tàbí tó rán, nínú ilé yìí tàbí níta, ti ilé-iṣẹ́ ni.
— Alákòóso

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé: *Èyí tó bá lá lálàá ńkọ́?*

Gbogbo òṣìṣẹ́ rò pé àwọn tó ń lọ aṣọ ló kọ ọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni.

3.

Àtẹ̀jíṣẹ́, láàárọ̀:

Ẹ̀GBỌ́N: Kékeré, ṣé o jí ire?
Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti tú báńdéèjì.
Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo aṣọ mi ti di aṣọ ẹlòmíì.
Ẹ̀GBỌ́N: Rán ọ̀kan fún mi. Má kó àṣejù àwọn olówó ẹ sí i o.
KÉKERÉ: Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

Láti kékeré wọn, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá yìí, tó ń pè é ní Kékeré, ò bẹ̀ ẹ́ láṣọ rí.

4.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Ẹ̀gbọ́n. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bọ́ bùláòsì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nu pátákó. Ọmú òsì ti lọ. Àpá náà gba àyà kọjá, ó wọ abẹ́ apá lọ.

— Ta ló rán èyí?
— Dókítà.
— Ó mọ̀ ọ́n rán.
— Kó tó gé e ni wọn ò bá ti pè ọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

5.

Tépù tí Kékeré fi ń wọn àyà rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò gbà.

6.

OHUN TÍ Ẹ̀GBỌ́N FẸ́

Kó máa ṣí níwájú. Apá yìí ò ròkè mọ́.
Kí ẹnikẹ́ni má ki fóòmù sí mi láyà. Mi ò fẹ́ purọ́.
Kó má jọ aṣọ ọsibítù.
Kó ní àpò.

(Kékeré bi í pé kí ló fẹ́ fi àpò ṣe. Ó ní: «Ọwọ́ mi ni màá kì bọ̀ ọ́. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí mọ́.»)

7.

Ó rán an fúnra rẹ̀, nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún un. Ó tú apá òsì, ó tún un rán, ó tún tú u. Níkẹyìn, ó jọ̀wọ́ aṣọ kó ṣàn láti èjìká wá sílẹ̀, kó rìn níbi tí ara ti tẹ́ pẹrẹsẹ, láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Ìgbà tó já òwú tó gbẹ̀yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ò rántí pé ó ń rẹ òun.

8.

Ẹ̀gbọ́n wọ aṣọ náà lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan yà á ní fọ́tò. Fọ́tò náà rìn títí ó fi dé ọ́fíìsì.

ALÁKÒÓSO: Mà, ẹ̀yin lẹ rán èyí?
Ọ̀GÁ: Èmi ni.
ALÁKÒÓSO: Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ẹ ò tíì fún wa ní aṣọ tó dáa tó èyí.
Ọ̀GÁ: Mo mọ̀.
ALÁKÒÓSO: Òun la máa fi ṣí àfihàn aṣọ wa.
Ọ̀GÁ: Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni.
ALÁKÒÓSO: Ẹ ti buwọ́ lùwé, Mà.
Ọ̀GÁ: Ta ló máa wọ̀ ọ́?
ALÁKÒÓSO: Àwọn ọmọge wa tó ń fi aṣọ hàn. A máa fi báńdéèjì di àyà wọn lápá kan.

9.

Nínú ilé ìdáná Ẹ̀gbọ́n:

KÉKERÉ: Ẹ jẹ́ ká dáná sun ún.
Ẹ̀GBỌ́N: Aṣọ ta lo fẹ́ dáná sun?
KÉKERÉ: Ẹ̀yin nìkan ni mo rán an fún. Òun nìkan ni mi ò tà.
Ẹ̀GBỌ́N: O rán an fún mi, ó ti di tèmi. Àwọn obìnrin tá a jọ ń gba ìtọ́jú ń bi mí níbi tí mo ti rà á. Kí n wá sọ pé kò sí fún wọn?
KÉKERÉ: Ẹ ò mọ àwọn èèyàn yìí. Wọ́n á wò yín tán, wọ́n á gbàgbé yín.
Ẹ̀GBỌ́N: Sọ fún wọn pé kò sí ọmọge kan tí ara rẹ̀ pé tó máa di báńdéèjì sáyà nítorí mi. Èmi ni màá wọ̀ ọ́.

Kékeré ń fọ ife tó ti mọ́.

10.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ìyafọ́tò ilé-iṣẹ́. Wọ́n ti gbà pé kí Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́. Kékeré jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé bùláòsì Ẹ̀gbọ́n lé itan. Ilẹ̀kùn wà ní títì; ohùn ayafọ́tò ń bọ̀ láti inú.

— Ẹ gbápá sókè díẹ̀, Màmá.
— Ibi tó mọ nìyí.
— Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa gan-an.

Ó gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò mọ̀ bóyá inú òun dùn ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ja òun lólè.

«Kékeré! Wọ́n ní ká jọ dúró, àwa méjèèjì.»

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò tíì dìde.