Agolo Bíà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Alhaji Bákàrè

Kò sí ẹnu tó tó ti Munir ní gbogbo Suame, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń lu irin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá tún bọ́ọ̀tì kan ṣe, kó tó délé ní Alabar, bọ́ọ̀tì ọ̀hún á ti di odidi tírélà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó fọwọ́ sọ̀yà pé òun máa mú ẹ̀rọ ọ̀gá òun padà bọ̀ sípò, ẹ̀rín ni gbogbo wọn fi dá a lóhùn.

Ọ̀gá rẹ̀ ni Alhaji Bákàrè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Alabar. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Léètì ni ẹ̀rọ náà, èyí tó máa ń yí irin yípo, tí ọ̀bẹ rẹ̀ á máa bó irin ọ̀hún bí ẹni ń bó ọsàn. Ó gbó débi pé Munir máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi ṣe ìṣó ọkọ̀ Ànábì Núhù. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò jókòó dáadáa mọ́. Irin tó bá gé, orí rẹ̀ á sanra, ìdí rẹ̀ á tín-ín-rín, bíi kárọ́ọ̀tì.

Ó dun Alhaji débi pé kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó jókòó sórí àga kan níwájú ilé, ó ń wo ọ̀kadà tó ń kọjá, ó sì ń gbẹ lójú gbogbo wọn. Ó ti ní kí àwọn tó ń ra àlòkù irin wá gbé ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó ń já Munir láyà nìyẹn. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, Alhaji ò ní dìde lórí àga yẹn mọ́.

Ohun pẹlẹbẹ kan péré ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́ lábẹ́, ohun tó fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun. Lọ́jọ́bọ̀, Munir kọ́kọ́ tẹ́ páálí sí i. Páálí mu epo, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ tó sùn mọ́jú. Ó tẹ́ bíléèdì sí i, bíléèdì ṣẹ́. Yaw, tó ń jó irin pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wá ju agolo bíà kan sí i.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, gé eléyìí," ó fi èdè Twi sọ fún un. "Ó fẹ́lẹ́, ó sì dọ́gba."

"Yaw, bísímílà ni Alhaji máa ń ṣe sórí ẹ̀rọ yìí láràárọ̀. Ṣé o fẹ́ kí n ti ọtí bọ abẹ́ bísímílà ni?"

"Ọtí wo? Mo ti mu ún tán."

Munir ronú. Ó rántí pé ní ilé kéú, wọ́n kọ́ wọn pé ohun tí ajá bá lá, ẹ̀ẹ̀meje lèèyàn máa fọ̀ ọ́, kí yẹ̀pẹ̀ sì wà nínú ọ̀kan. Bí ìyẹn bá lè mú itọ́ ajá kúrò, kí wá ni bíà? Ó bu yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ha agolo náà débi pé, lójú tiẹ̀, lémọ́mù lè fi ṣe àlùwàlá. Ó gé e, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó so nọ́ọ̀tì le. Ó gé irin kan. Orí àti ìdí dọ́gba.

Eré ló sá dé Alabar.

"Bàbá, irin tí mo gé tọ́ débi pé tí ìlà àwọn tó ń kírun bá rí i, ojú á tì wọ́n."

"Kí lo tẹ́ sábẹ́ ẹ̀?"

"Ohun tó mọ́ ni, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe mọ́."

"Ẹ ṣáà wá wò ó."

Ìyàwó Alhaji, Ìyá Hàlímọ̀, ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè. "Bàbá Hàlímọ̀, ẹ lọ wò ó. Àga yẹn náà fẹ́ sinmi."

Láàárọ̀ Jímọ̀, Alhaji dé nínú jalamíà funfun tó fẹ́ fi kírun. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ, ó ṣe bísímílà, ó tàn án. Ẹ̀rọ gé irin. Kárọ́ọ̀tì ló tún gé. Alhaji pa ẹ̀rọ, ó sì kọjú sọ́nà ilé.

Munir tẹ̀lé e. "Bàbá, agolo bíà ni. Àmọ́ mo fọ̀ ọ́ bí ohun tí ajá lá."

Alhaji dúró. "Bí ohun tí ajá lá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Toun ti yẹ̀pẹ̀."

"Mo fi yẹ̀pẹ̀ sí i dáadáa."

Alhaji padà, ó tú nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, ó fa agolo náà yọ, ó fi àtàǹpàkò ra á. Yẹ̀pẹ̀ kéékèèké ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Yẹ̀pẹ̀ yìí ló gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè fún ọ lánàá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n, yẹ̀pẹ̀ lọ̀ kúnná, ẹsẹ̀ wálẹ̀. Ajá wo ló lá a, Munir?"

"Kò sájá kankan, Bàbá."

"Omi lásán ti tó o." Èjìká Alhaji ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. "Ká tiẹ̀ ní mọ́ọ̀tì tí kò ní ọtí ló wà nínú ẹ̀, agolo yìí rọ̀ jù. Lójoojúmọ́ lá máa tẹ̀ sí i. Idẹ ni wọ́n ń fi síbẹ̀."

Munir fẹ́ lọ wá idẹ, àmọ́ Alhaji ti ṣíwájú ẹ̀. Òkìtì rèdíétọ̀ mọ́tò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Yaw ló bẹ̀rẹ̀ mọ́, toun ti aṣọ funfun. Ó ń fa àwọn páìpù idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú wọn yọ, ó ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò. "Ìpẹtà ti jẹ eléyìí. Eléyìí nípọn. Hẹn-ẹn, ìwọ ni mò ń wá." Ó la èyí tó yàn, ó fi òòlù onígi tẹ́ ẹ, ó ní kí Munir fi kẹrosíìnì nu abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ títí á fi dán. Nígbà tí wọ́n so ó tán, ó gé irin, ó dijú, ó sì fi ìka ra irin náà láti orí dé ìdí. Ó tún gé òmíràn. Ó tún gé òmíràn. Gbogbo wọn dọ́gba, kò sì fẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Jalamíà ti di aṣọ mẹkáníìkì pátápátá.

"Sáré lọ sílé, lọ mú jalamíà míì wá kí wọ́n tó pe ìrun," ni Alhaji wí. "Tí Ìyá Hàlímọ̀ bá bi ọ́, sọ pé ajá lá tàkọ́kọ́. Tí àwọn onírin bá dé lọ́la, kí wọ́n máa gbé agolo bíà ẹ lọ. Kó o sì ní kó bá mi gbé àga yẹn wọlé."

Kí Munir tó kọjá àdúgbò Krofrom, ajá ọ̀hún ti tó màlúù. Kó tó dé Alabar, òun fúnra rẹ̀ ló ti bá a jà. Ti àga yẹn nìkan ni kò fi nǹkan kan kún. Bí Alhaji ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló jẹ́ ẹ fún Ìyá Hàlímọ̀.