Àdá Tó Ń Gbọ́ Ìkéde

Bísí, mo lá àlá burúkú mọ́jú òní. Mo rí Délé, ọ̀gá wa àtijọ́ tó ní òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ. O rántí bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́: bí ìkéde bá ti dún pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ẹ̀yà ètò tó bá ti forúkọ sílẹ̀ láti gbọ́ ọ á dáhùn fúnra rẹ̀, àfi tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Lójú àlá, èmi ni mo forúkọ sílẹ̀, àdá lọ́wọ́.

Ìkéde dún: "Délé ti wọlé!"

Mo ṣá a léjìká. Ẹ̀jẹ̀ bo tábìlì, síbẹ̀ ó tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìkéde tún dún, mo tún ṣá a.

Délé kígbe sí mi pé, "Ṣọlá, jọ̀ọ́, yọ orúkọ rẹ kúrò!"

"Ṣebí ìwọ lo kọ ètò náà? Yọ ọ́ fúnra rẹ."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Apá ló ń ro mí tí mo fi jí.