Òrùka Kábọ́ọ̀nù Mẹ́ta

"Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó tan iná sí i! Ẹ dá a dúró!"

Gbogbo tíṣà tó wà nínú yàrá náà ló yíjú sí Monílọ́lá. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti dìde dúró, àti pé ìwé tí òun ń máàkì ti dà sílẹ̀.

"Ta ló fẹ́ tan iná?" Màmá rẹ̀ béèrè láti Oǹdó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, kì í kánjú lórí fóònù.

"Ọ̀gá Bísọ́dún, wẹ́dà ẹ̀yìnkùlé yín. Adélaní gbé sílíńdà Dádì fún un pé kó gé e fi ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń pe Adélaní, kò wọlé. Gáàsì ṣì lè wà nínú ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ. Ẹ má sún mọ́ ọn o, ẹ ṣáà dúró lókèèrè kẹ́ ẹ pariwo sí i."

"Mo ti ń wá bàtà mi," ni màmá wí, ó sì pa fóònù.

Àwòrán kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Adélaní, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ màmá wọn, ló fi ránṣẹ́: sílíńdà kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ wo agogo wa tuntun. Wọ́n máa gé e lónìí." Agogo àtijọ́ ti là, kò sì sí ẹni tó lè ra òmíràn lọ́dún tí epo wọ́n débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Inú Monílọ́lá kọ́kọ́ dùn sí ọgbọ́n àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó mú àwòrán náà tóbi ló rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà: CYCLOPROPANE. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Àkúrẹ́. Ó mọ gáàsì náà: bí iná bá kàn án, ó lè bú gbàmù.

Nọ́ọ̀sì ni bàbá wọn, Májẹ́kódùnmí, nígbà ayé rẹ̀. Òun ló ń fi gáàsì kun àwọn aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Nígbà tí dókítà tó ni ibẹ̀ kú, bàbá kó díẹ̀ nínú ẹrù ibẹ̀, títí kan sílíńdà náà, wá sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó tún bojú wo ibẹ̀.

Ọkọ̀ Oǹdó ku èrò méjì kó kún. Monílọ́lá san owó àyè méjèèjì kí dírẹ́bà lè gbéra. Láti Àkúrẹ́ títí wọ́n fi kọjá Ọ̀wẹnà ló ń tẹ fóònù màmá rẹ̀. Kò wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà pé, èéṣe tí òun fi rán arúgbó lọ sírú ibẹ̀?

Nígbà tó já sí àdúgbò wọn, ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ wò. Kò sí èéfín. Ó sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Màmá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ó ṣí agbòòrùn, sílíńdà náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Bísọ́dún dúró, ó káwọ́ lérí, awò dúdú rẹ̀ sì wà níwájú orí.

"Tíṣà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ màmá yín," ni Bísọ́dún wí. "Mo ti tan iná tán, ó wà lọ́wọ́ mi, ni wọ́n bá wá jókòó. Wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ jó àwọn."

"Mọ́mì! Mo ní kẹ́ ẹ má sún mọ́ ọn!"

"Mo kọ́kọ́ dúró lókèèrè, kò gbọ́," ni màmá dáhùn.

Monílọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì kó gbogbo wọn kúrò nítòsí sílíńdà náà.

"Mo ti gé irú ẹ̀ rí," ni Bísọ́dún wí. "Mo máa ń ṣí orí ẹ̀ kí gáàsì kọ́kọ́ tú jáde. Tèyí ti dípẹtà, ni mo ṣe fẹ́ fi iná là á."

Monílọ́lá mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nílẹ̀. "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá fipá tẹ èyí di igun mẹ́ta, tẹ́ ẹ fi okùn so orí ẹ̀ pọ̀, tí mo wá já okùn náà ńkọ́?"

"Á nà yín lójú."

"Kí ló máa nà mí?"

Bísọ́dún ronú díẹ̀. "Agbára tí mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta ló di ara wọn mú bí òrùka. Àyè ò gbà wọ́n. Ká ní mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n á rí àyè na ara, ara á tù wọ́n. Mẹ́ta yìí, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ wọ́n pa mọ́ra. Gáàsì ìdáná náà ń gbaná, àmọ́ agbára títẹ̀ tún wà nínú tèyí. Tó bá pàdé atẹ́gùn àti iná, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà."

Bísọ́dún bọ́ awò lórí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn panápaná tí wọ́n pè wá gbé sílíńdà náà lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú. Adélaní tẹ̀ lé wọn. Láti àárọ̀ ni kò ti sí iná; fóònù rẹ̀ kú lẹ́yìn tó fi àwòrán ránṣẹ́, ti màmá náà sì kú. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ látìgbà tó ti dé. Nígbà tó padà, ó ní, "Wọ́n rọra ṣí i. Ó pẹ́ tó ń hó ṣìì kó tó dákẹ́. Ó ti tán."

"Ọpẹ́ o," ni Bísọ́dún wí. "Mo ní rímù ọkọ̀ ńlá kan. Màá so ó rọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, á dún dáadáa."

Monílọ́lá àti màmá rẹ̀ padà sínú ilé. Màmá bọ́ bàtà, ó nasẹ̀.

"Nǹkan yẹn náà ni bàbá yín fi mú mi sùn, lọ́jọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ẹ jáde," ló wí.

"Èmi, Mọ́mì?"

"Ìwọ. Òórùn ẹ̀ dùn díẹ̀. Bàbá yín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù wọlé. Ó ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn. Mo rò pé torí pé ìyàwó ẹ̀ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni."

"Náílọ́ọ̀nù máa ń ta iná, Mọ́mì; ohun tí Dádì ń bẹ̀rù nìyẹn."

Ọkọ̀ Àkúrẹ́ tó kẹ́yìn kò ní pẹ́ gbéra. Monílọ́lá mú fóònù, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó di ọ̀la. Ó wá fa àga sún mọ́ ẹsẹ̀ màmá rẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, Mọ́mì."