Láńpù Mi àti Àpótí Zéphirin

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: òjòwú ni mí. Odette ìyàwó mi mọ̀, ìyá tó bí mi mọ̀, kódà fádà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi ti ní kí n máa mú ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn wá, pé ti owú yìí ti sú òun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ta gìtá iwájú, èyí tó ń darí orin, nínú ẹgbẹ́ olórin Ìdáàṣà. Nígbà tí ìjọba Ìyípadà dé, tí wọ́n ní kí gbogbo àgbègbè ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, èmi Léonard ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Ìdí ni pé èmi nìkan ni mo ní ampílì, ìyẹn àpótí tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá. Olùkọ́ òyìnbó kan ló tà á fún mi kó tó padà sílùú rẹ̀. Láńpù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, gíláàsì kéékèèké tó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí iná bá wọ̀ wọ́n. Ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Ó sì ti darúgbó: tí mo bá tàn án, mo ní láti fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lè fọhùn. Àmọ́ tó bá ti gbóná tán, ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn rẹ̀ á nípọn, á kún, á ti àpáta kan dún dé èkejì ní Ìdáàṣà wa. Orí ohùn yẹn ni Odette, akọrin wa, ti ń kọrin láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1984, Zéphirin, ọ̀dọ́ onígìtá kan, dé láti Abidjan. Ṣòkòtò jíìnì ló wọ̀, eyín rẹ̀ funfun, ó sì mú àpótí kan dání tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Kò ní láńpù kankan. Bátìrì ló ń lò. Ó ki gìtá rẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ìhà kan, ó ki okùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń kọrin bọ̀ ọ́ ní ìhà kejì, ló bá ní ohùn ampílì oníláńpù ni yóò jáde.

"Wọ́n wo bí láńpù ṣe ń ṣe, ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n sì kọ́ àpótí yìí kó máa ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó bá ń sín ikọ́ jẹ, ṣé ikọ́ ń ṣe é ni?" mo dá a lóhùn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Odette náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà mo rí i tó gbé àpótí ọ̀hún sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń yí i síwá sẹ́yìn, tí Zéphirin sì tẹ̀ síwájú tó ń fi bọ́tìnnì hàn án. N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Ìdíje ńlá ń bọ̀ ní Abomey láàárín gbogbo ẹgbẹ́ olórin ìpínlẹ̀ wa. Onígìtá iwájú kan péré la máa mú lọ. Tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá béèrè ẹni tó máa jẹ́? Ní báyìí, wọ́n ń sọ ọ́ níṣojú mi pé ampílì mi á gba àyè èèyàn mẹ́ta nínú mọ́tò, pé ti Zéphirin á wọ àpò. Àwo tí mo fi ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá, ẹnì kan fẹ́ fà á kúrò níwájú mi.

Nígbà tí Kámáráàdì Sylvestre, alága ìgbìmọ̀ Ìyípadà nílùú wa, pe ìpàdé, mo dìde.

"Aṣọ ni kẹ́ ẹ fi pín gbọ̀ngàn sí méjì!" mo ní. "Kí àwa méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ká ta orin kan náà. Kí etí dájọ́. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ṣòkòtò."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ.

Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n yàn pé kó gbọ́ wa: Sylvestre fúnra rẹ̀, Ràmọ́nù oníṣọ̀ọ́bù tó ni ẹ̀rọ amúnáwá, àti Odette, nítorí pé òun ló máa kọrin lé e. Mo ní kò burú. Ta ló lè mọ ohùn mi jù ú lọ?

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbọ́ wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fi àdéhùn sí. Ràmọ́nù ti lọ wá epo ní Paouignan, kò sì tètè dé. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi máa ké, Sylvestre ti bínú. Mo tan ampílì mi. Láńpù kò tíì pọ́n rárá.

"Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀!" Sylvestre kígbe láti òdìkejì aṣọ.

Mo wo láńpù. Ó ń yọ́ pọ́n bí ẹyin ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ jàre!"

Zéphirin rọra sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín kò tíì gbóná. Ṣé kí n ta tèmi ná?"

Mo ní kó ta á. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ó ta á. Ọlọ́run ló mọ̀, mo fẹ́ kó burú. Mo dúró kí okùn kan já, kí bátìrì kú. Kò kú. Ohùn tó jáde nípọn, ó kún, ó sì dà bí tèmi nígbà tí ampílì mi ṣì wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ta tèmi. Láńpù kan ń kùn lábẹ́ orin, bó ṣe ń kùn láti ọdún méjì. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í gbọ́ ọ mọ́.

"Ehuzu!" Sylvestre kígbe, igbe Ìyípadà tí ìjọba fi kọ́ wa.

"Dandan!" gbogbo wọn dáhùn.

"Ẹni àkọ́kọ́ ló mú un! Kámáráàdì Léonard, a kí ọ. Láńpù, láńpù ni!"

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ń kùn bí eṣinṣin," Ràmọ́nù fi kún un. "Kò sẹ́ni tí bátìrì lè tàn jẹ."

Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ló ṣáájú. Ní Ìdáàṣà, àbúrò kì í ki ọwọ́ bọ àwo ṣáájú ẹ̀gbọ́n, kí wá ni ì bá mú wọn béèrè? Zéphirin wò mí. Mo tẹ orí ba, mo ń wo láńpù mi tó wá pọ́n dáadáa wàyí.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì tẹ̀ ba fún mi.

Ká ní ó bínú ni! Ká ní ó bú mi! Ó fi ọ̀wọ̀ fà mí lé ẹ̀tẹ́ lọ́wọ́, mo sì gbà á.

Odette dì mọ́ mi nígbà tí wọ́n fa aṣọ kúrò. "Bàbá Valentine, ó tó ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ta gìtá báyìí gbẹ̀yìn. Gbogbo ara mi ló wá gbọ̀n rìrì." Mo rẹ́rìn-ín. Owú tó jó mi lójú ẹsẹ̀ náà, n kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí, mo ń jowú ọkọ ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ kẹta a pàdé ní gbọ̀ngàn láti múra Abomey. Wọ́n ti ní kí Zéphirin jókòó sílé. Síbẹ̀ ó wá, ó fara ti ògiri ẹ̀yìn. Mo jẹ́ kí ampílì gbóná dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀. Odette kọ ìlà kan, ó dákẹ́.

"Bàbá Valentine, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ ṣe ta á lọ́jọ́sí."

Mo tún un ta. Ó mi orí. Mo yí bọ́tìnnì, mo tún un ta lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn bò mí.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ti lẹ́yìn aṣọ ni mò ń wí."

"Èmi kọ́!" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. "Ṣé o ti gbọ́? Láńpù mi kò tíì gbóná. Zéphirin ló ṣáájú. Èmi ni mo ń kùn bí eṣinṣin!"

Odette wò mí, kò bínú, ojú àánú ló fi wò mí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri ẹ̀yìn.

"Zéphirin," ó ní, "àpótí yẹn dà?"