Orí Àlàájà Lára Agolo Dùn-ún-wò

Ìyá tó bí bàbá mi kì í kun èékánná. Ó ní omi àlùwàlá kì í dé ara èékánná tí wọ́n bá ti kùn ún. Síbẹ̀, ẹ kò lè tú báàgì rẹ̀ kí ẹ má bá ìgò kútẹ́ẹ̀sì dúdú kan níbẹ̀, pẹ̀lú igi ìṣáná tó ti gé lórí. Orí agolo ló ń lò ó fún.

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ agolo tí mò ń wí. Agolo ìpara irun Dùn-ún-wò ni, pẹlẹbẹ, aláwọ̀ ewé, tí ọmọbìnrin onísùkú kan wà lórí ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú yẹtí ńlá létí. Ìpara náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n agolo kò lọ síbì kan. Inú rẹ̀ ni àwọn aránṣọ ń kó bọ́tìnnì sí, inú rẹ̀ ni àwọn àgbà ń rọ aáṣáà sí, inú rẹ̀ náà ni màmá mi kó yẹtí ìgbéyàwó rẹ̀ sí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù, ẹ ṣáà sọ pé yẹtí Dùn-ún-wò lẹ fẹ́, kò ní bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kejì.

Ìyá bàbá mi ni ọmọbìnrin orí agolo yẹn. Àlàájà Bùsírátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kẹ́mta, oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú. Nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ó ní orí òun kò gbọdọ̀ wà níta láìbò níbikíbi mọ́. Ó bo ti ọrùn ara rẹ̀, ó wá kọjú sí ti orí agolo. Ilé ìsọmọlórúkọ ni o, ilé ọ̀fọ̀ ni o, ìpàdé àsálátù ni o, níbi tó bá ti rí Dùn-ún-wò, á jókòó, á yọ kútẹ́ẹ̀sì, á sì fi igi ìṣáná kun ìborí lé sùkú náà lórí. Kó tó tán nílẹ̀, á ti gba ti aládùúgbò pẹ̀lú. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ń gbé agolo wá bá a fúnra wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun ń kun tirẹ̀ lọ. Bí Àlàájà bá ti dojú lé nǹkan, ẹ yáa yà fún un lọ́nà.

Ẹ wá wo ohun tó dé bá èmi Rodiat. Iṣẹ́ àwòrán ara ọjà ni mò ń ṣe: páálí ọṣẹ, ọ̀rá bisikíìtì, bébà ara ìgò. Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wa wà, rélùwéè àárọ̀ ló ń gbé mi lọ láti Abẹ́òkúta. Ilé iṣẹ́ tuntun kan ra orúkọ Dùn-ún-wò, wọ́n fẹ́ gbé ìpara náà padà sọ́jà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ àwòrán rẹ̀ fún wa. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣàárò ni kí o fún wọn," ló wí. "Tún un yà kó mọ́ dáadáa, má yí ohunkóhun padà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ rí i."

Inú mi dùn débi pé ọpọlọ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo délé, mo sọ ọ́ níwájú Àlàájà.

"Láìbò?" ló bi mí.

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ, Màmá."

"Látìgbà tí bàbá ẹ ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń bo orí yẹn. Ìwọ lo wá fẹ́ ṣí i?"

"Iṣẹ́ mi ni, Màmá. Bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì máa ṣe é."

"Ẹlòmíì kì í ṣe ọmọ ọmọ mi." Ó tún ìborí rẹ̀ fà wálẹ̀. "Irun yẹn gan-an, ta ló sọ fún ẹ pé tèmi ni?"

Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Mobọ́lájí, ayàwòrán tó máa ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìtòkú, ni àwọn onípara bẹ̀ pé kó ya ọmọbìnrin kan fún àwọn. Bùsírátù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Harriet, ọmọ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní Aké, ń kọjá lọ, ó ní kí wọ́n wá jókòó. Ojú Bùsírátù wù ú, ṣùgbọ́n gèlè wà lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí orí níta, kò sì fẹ́ ṣí i. Báwo ni wọ́n ṣe máa fi gèlè polówó ìpara irun? Ti Harriet sì rèé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di sùkú fún un tìtorí ọdún Àjíǹde ni. Mobọ́lájí bá mú ojú ẹnì kan, ó mú irun ẹnì kejì, ó dà wọ́n pọ̀. Èyí kọjú sí i, èyí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nítorí náà irun àti ojú ò pàdé dáadáa lẹ́bàá etí. Ló bá fi yẹtí ńlá bo ojú ibi tó ti so wọ́n pọ̀.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fẹ àwòrán náà lójú títí tí etí fi gba gbogbo gíláàsì. Òótọ́ ni. Lábẹ́ yẹtí, irun ń lọ sọ́tùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ sósì. Yẹtí tí gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá ń ṣe kiri, àléébù lẹni tó yà á fi bò! Mo fẹ́ràn Mobọ́lájí lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí la ti bo nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, tiwa kì í kàn lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ni.

"Lọ́la, à ń lọ sí Kọ́bapẹ́," ni Àlàájà wí. "Harriet á fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ sínú fóònù ẹ pé irun òun ni. Wọn á yọ irun onírun kúrò lórí mi."

Lọ́dọ̀ Olúkẹ́mi ọmọ rẹ̀ ni Màmá Harriet ń gbé ní Kọ́bapẹ́. A bá a nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé fìlà onírun àgùntàn nínú ooru tó ń mú gbogbo wa làágùn.

"Ẹ kú ilé o, Màmá," ni mo kí i, mo kúnlẹ̀.

"Bùsírá! O mà wá! Rodiat, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ìrìn."

Àlàájà ò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tó fi sọ ohun tó gbé e wá. Mo tẹ fóònù, mo gbé e síwájú wọn.

"Irun mi ni," ni Màmá Harriet wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá mi ló dì í. Mobọ́lájí ní kí n má mirí."

"O ṣeun. Sọ pé kí wọ́n yọ ọ́."

Màmá Harriet ò sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà. Kò sí ẹyọ irun kan níbẹ̀. Orí náà dán, ó sì kéré ju bí mo ṣe rò pé orí àgbàlagbà máa ń rí lọ.

"Oògùn jẹjẹrẹ ló kó o lọ," ló wí. "Kò sì padà wá mọ́."

"Jẹjẹrẹ? Ìgbà wo?"

"Ọdún tí mo ní mo wà ní Kánádà. Mi ò lọ sí Kánádà kankan. Ọsibítù ní Ìbàdàn ni mo wà."

Àlàájà gbé kọ́ọ̀pù omi sílẹ̀. Màmá Harriet ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ òun máa ń béèrè bóyá òun nírun rí. Gèlè ló wà lórí òun nínú gbogbo fọ́tò tó kù nílé. Òun bá ní kí Kẹ́mi wá agolo Dùn-ún-wò kan kí òun fi hàn wọ́n.

"Ó wá gbogbo Abẹ́òkúta. Gbogbo èyí tó rí, ẹnì kan ti kun nǹkan dúdú lé e lórí."

Mo pa fóònù. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo di kútẹ́ẹ̀sì náà mú.

"Harriet," ni Àlàájà wí, "èmi ni."

"Mo mọ̀. Ta ló tún fẹ́ jẹ́?"

"O wá dákẹ́? O ò pè mí kí o bú mi?"

"Orí ẹ ni, Bùsírá. Kí ni màá sọ?"

Nígbà tí à ń bọ̀, Àlàájà pajú dé títí a fi wọ Abẹ́òkúta. Mo rò pé ó sùn.

"Rodiat, fi irun yẹn sílẹ̀."

"Ẹ ti gbà kí n ṣí i?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Orí tèmi ò ní wà níta láìbò. Ojú mi ni kí o yọ. Fi ojú Harriet sábẹ́ irun ẹ̀."

"Màmá, ọ̀gá mi ní n ò gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà. Wọ́n lè lé mi."

"Sọ fún un pé ẹni tó lojú ló ní òun fẹ́ gba ojú òun."

Mo gba fọ́tò ìgbà èwe Màmá Harriet lọ́wọ́ Àǹtí Kẹ́mi, mo sì jókòó tì í títí ọjọ́ Sọ́ńdè fi lọ. Ojú tirẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì ní èjí. Mo la ẹnu ọmọbìnrin náà díẹ̀ kí èjí lè hàn. Irun àti ojú wá bára mu, n kò nílò yẹtí mọ́, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́. Ti gbogbo ìlú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé wò ó, ó bojú jẹ́. "Ta nìyí?"

"Ẹni tó ni irun, sà."

"Kí ni mo sọ fún ẹ? Ojú tí gbogbo ayé mọ̀ lo lọ yọ?"

Mo pe àwọn tó wà lọ́fíìsì. Mo gbé àwòrán àtijọ́ sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ bo ojú, mo fi irun àti yẹtí sílẹ̀. "Kí nìyí?"

"Dùn-ún-wò!" Wọ́n pa ohùn pọ̀.

Mo fi bébà bo irun àti yẹtí, mo fi ojú nìkan sílẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan ní ó jọ ti ọṣẹ kan.

"Ẹ ò mọ ojú tí ẹ ń jà fún, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Màá fi méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n."

"Rárá, sà. Ẹni tó ni ti àkọ́kọ́ ti gbà á padà. Ẹyọ kan ló kù." Mi ò sún kúrò níbi tí mo dúró sí. Bó bá fẹ́ lé mi, kó lé mi. Ó wò mí títí, ó sì fi ẹyọ kan yẹn ránṣẹ́. Àwọn tó ni iṣẹ́ ní èjí náà wu àwọn.

Nígbà tí agolo tuntun jáde, Àlàájà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ti Màmá Harriet. Orí itan rẹ̀ ló gbé e sí títí a fi dé Kọ́bapẹ́. Màmá Harriet fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó yí agolo síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ sùkú náà láti iwájú orí dé òkè. Ó rí èjí, ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún wo ojú náà, ó wò ó pẹ́, ó wo ẹ̀yìn agolo, ó wo ẹ̀gbẹ́.

"Bùsírá," ló wí, "ìwọ wá dà?"

Àlàájà fa àga rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ títí èjìká wọn fi kan ara wọn.

"Mo wà níbí," ló dáhùn.