Ẹ̀rọ Sóyà Ọ̀gá Lín

Sóyà wà nínú ike bó ṣe wà, gbígbẹ. Ìlérí ti gbàgbé láti rẹ ẹ́. Iṣẹ́ kọ̀mpútà tó ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, tí gbogbo Ìkòsì mọ̀ sí Ọ̀gá Lín, ló ń ṣe wàrà sóyà fún àwọn ará Ṣáínà tó wà l'Ékòó. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ ti Ṣáínà wá, ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran ló sì ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Lín kò fẹ́ iná ìléru tí wọ́n fi ń sun abọ́ yẹn ní tirẹ̀, ló bá yà sídìí sóyà. Ní báyìí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó fẹ́ sinmi. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé bí wàrà tí Ìlérí bá dá ṣe lónìí bá dáa, ọmọ náà ni yóò ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ sóyà. Bí kò bá dáa, ó di ti Roheemat.

Roheemat ti bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí. Ó ń dá ṣe tirẹ̀ tà ní Mile 12, ibi ẹ̀rọ ìlọta ló sì ti ń lọ sóyà rẹ̀. Bí wọn kò bá fọ ẹ̀rọ náà dáadáa, wàrà á máa ta lẹ́nu.

Ká sòótọ́, Ìlérí kò fẹ́ ẹ̀rọ kankan. Kò kàn fẹ́ kí inú bàbá rẹ̀ bà jẹ́ ni. Ló bá sáré lọ sí Mile 12.

"Aunty Roheemat, ẹ bá mi di wàrà. Mo ní àlejò."

"Àlejò rẹ, àlejò mi náà ni." Roheemat fi ènì méjì lé e.

Ìlérí gbé e síwájú bàbá rẹ̀ bíi pé òun ló ṣe é. Ọ̀gá Lín jẹ ẹ́, ó sì fò sókè pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn. "Ó ń ta! O fi ata sí i? Kò wá sí mi lọ́kàn rí!"

Ojú ti Ìlérí, ẹ̀rí ọkàn ń gún un. Bàbá rẹ̀ gbé fóònù, ó pe Roheemat kó wá tọ́ ọ wò. Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ọmọ yìí gbọ́, ó sì dákẹ́.

Roheemat dé, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá.

"Má bínú, Roheemat. Mo mọ̀ pé ò ń retí ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n jẹ ẹ́ wò. Ọmọ mi ló ṣe é."

Roheemat bù ú jẹ. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo Ìlérí, Ìlérí ń wolẹ̀.

"Ó dáa gan-an, sà," ó ní. "Ẹ kú oríire."

Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Ìlérí. Roheemat ti ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Daddy, èmi kọ́. Aunty Roheemat ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ iṣẹ́ yìí."

Ọ̀gá Lín kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Roheemat ló kọjú sí. "O mọ̀, o sì ní ó dáa?"

"Mi ò rí yín kẹ́ ẹ yọ̀ báyẹn rí, sà."

Bàbá náà rọra ti abọ́ wàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Gbé ẹ̀rọ rẹ," ó ní. Ó wá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀: "Bá a gbé e."

Ìlérí di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sínú ilé yẹn, kò tíì gbé e rí. Kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.